Orí Mẹ́rìndínláàádọ́ta

Ìwé ìpolówó ní òkun máa dákẹ́.
Àwòrán inú rẹ̀: ọkọ̀ funfun kan, ènìyàn mẹ́ta,
omi tó mọ́ gaara.
Ṣùgbọ́n ní èbúté Kíì Lágò, láago mẹ́jọ àárọ̀,
èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀:
bàbá oníkùn ńlá, ìyá tó gbé ìbejì sáyà,
ọ̀dọ́bìnrin mẹ́jọ, fìlà kan náà lórí,
ọ̀kan nínú wọn fẹ́ wọlé ọkọ,
wọ́n ti ń pariwo kí ọtí tó débẹ̀.
Ọmọbìnrin kan mú bírò dúdú,
ó kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.
Adéṣígbìn ọkọ mi, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Èmi, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Ká ní ìyá mi wà níbẹ̀ ni, ì bá fa ọwọ́ rẹ̀ padà:
a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

A jókòó, itan mọ́ itan.
Ìpara oòrùn èjìká ẹlòmíì ń yọ̀ mọ́ mi lápá.
Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì,
òógùn àná ṣì wà lára rẹ̀.
Rọ́bà tí n ó fi mí lábẹ́ omi,
eyín àjèjì ti kọlà sí i lẹ́nu.
Mo wo ọkọ mi. Ó wo òfuurufú.
Òun ló rà á, lẹ́dìínwó.

Kápútẹ́nì Rọ́sẹ́ẹ̀lì ń ṣe yẹ̀yẹ́ tó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́wàá:
"Àkurákudà ibí kì í jẹ èèyàn,
àfi ẹni tí kò bá fún mi ní owó ìdúpẹ́!"
Àwọn oní-fìlà rẹ́rìn-ín.
Ìgbì gbé wa, ó jù wá, ó gbé wa.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó
fi orí kọ́ etí ọkọ̀,
ó fún òkun ní oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní ká bọ́ sómi. A dà sí i
bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀wà síkòkò.
Lẹbẹ rọ́bà gbá mi létí, gbà!
Ta ló ni ín? Ta ni n ó mọ̀,
nígbà tí gbogbo wa jẹ́ ojú dígí, igi kan lẹ́nu?
Mo ní n ó padà. Mo ní owó ti lọ náà ni.
Mo wá doríkodò.

Ariwo kú.
Ó ku èémí ara mi, hùú, hàá, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.
Èmi ọmọ orí òkè Ìgbájọ
tí mo mọ òǹgbẹ kí n tó mọ omi,
mo rí iyùn níbi tó gbé ń mí.
Kò pupa. Ó yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín,
àwọ̀ rẹ̀ bí àgbàdo sísun.
Èyí tí ìyá ìyá mi ń tì mọ́nú àpótí,
tó ń kà lálaalẹ́ kí wọ́n má baà jí ọ̀kan,
àwọn ìbátan rẹ̀ rèé, wọn kò níye,
kò sẹ́ni tó tì wọ́n mọ́bì kan.
Ẹja aláwọ̀ ayìnrín kan gba iwájú mi kọjá,
kò kí mi, kò sì yà fún mi.

Fèrè dún. A gun àkàbà.
Ọmọbìnrin oníbírò ń ka ọwọ́.
Márùndínláàádọ́ta.
Ó tún un kà. Márùndínláàádọ́ta.
Rọ́sẹ́ẹ̀lì pa rédíò. Yẹ̀yẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀.
Gbogbo wa dìde,
a wo omi, a wo omi, a wo omi.
Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú, kì í ṣe Adéṣígbìn.
N kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ náà,
síbẹ̀ mo ń bẹ orí ẹni tí n kò mọ̀:
orí ẹ̀, jọ̀ọ́, má sùn.

Ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ ọkọ̀ dún kẹ́ẹ́.
Olódòdó jáde, ojú rẹ̀ ṣì bí ẹ̀kọ àná.
"Ṣé a ti dé ni?"

A hó yèè. Ìyá ìbejì sunkún.
Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
a tún ń jà nítorí àyè ìjókòó.

Lọ́jọ́ Ajé, ní ọsibítù wa ní Kọ̀lọ́ńbọ́ọ̀sì,
mo fi ọṣẹ bó ọwọ́, mo tún bó o;
mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kò lọ.
Aláìsàn kan ní, nọ́ọ̀sì, kí lèyí?
Mo ní, wọ́n kà wá.
Mo ní, a pé.